Òótọ́ àbí irọ́? Ajá àgbàlagbà tó sanra jù ní àgbàlá wa l'Ónípanu

Láti etí títì Ìkòròdú l'Ónípanu ní Èkó, wọ inú òpópónà Ṣípẹ̀olú, títí dé Bàrígà, ajá pọ̀ ju bí àlejò ṣe lè rò lọ. Àwọn kan ń ṣọ́ bébà àti ẹ̀rọ lóru nínú ilé ìtẹ̀wé. Àwọn kan wà lẹ́nu géètì, bẹ́ẹ̀ ni Lhasa onírun gígùn wà lórí àga nínú fúláàtì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọmọ ọwọ́ ni wọ́n nígbà tí a gbà wọ́n, wọ́n sì ti bá wa gbé títí ọmọ tó ń fi wọ́n ṣeré fi wọ yunifásítì. Wọ́n ti dàgbà báyìí. Irun ẹnu wọn ti funfun, ikùn wọn ti ń wá sílẹ̀, àtẹ̀gùn mẹ́ta péré ti di iṣẹ́ ńlá. Bí wọ́n bá jókòó, kí wọ́n tó dìde, wọ́n á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀: ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀, ọwọ́ wa wà níbẹ̀. Ìfẹ́ tí a ní sí wọn ni a ń bù sínú abọ́, ọwọ́ tó ń bù ú sì ti pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ohun tí ọwọ́ wa bá ṣe, ọwọ́ wa lè tún un ṣe, kò sì gba owó púpọ̀. Àmọ́ ó kọ́kọ́ gba pé ká yẹ ohun tí à ń sọ fún ara wa lágbàlá wò, èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ irọ́.

"Ajá tó sanra ni ajá tí wọ́n ń tọ́jú."

Irọ́ ni.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Lọ́dọ̀ wa, bí ara ènìyàn bá kún, a ó ní ayé ń yẹ ẹ́; bó bá rù, a ó bi í pé kí ló dé. Ajá tó ń jẹ̀ kiri orí ààtàn, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà láti òdìkejì títì, nítorí náà onílé tí ajá tirẹ̀ bá rí rọ̀bọ̀tọ̀ á máa yangàn. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọdẹ léèrè. Ajá ọdẹ kì í sanra. Ìbàdí rẹ̀ máa ń fún, ìhà rẹ̀ á sì máa hàn fẹ́ẹ́rẹ́ bó bá ń sáré, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa rí i tó máa ní olówó rẹ̀ ń fi ebi pa á.

Àwọn onímọ̀ ti fi ojú ara wọn rí i pẹ̀lú. Ní 1987, ilé iṣẹ́ Purina ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan lórí ajá Labrador 48. Wọ́n pín wọn ní méjì-méjì, ọmọ ìyá kan náà ni ìkejì-ìkejì. Bí ọ̀kan bá jẹ ṣíbí mẹ́rin, mẹ́ta ni wọ́n ń fún èkejì. Bí wọ́n ṣe ń bọ́ wọn nìyẹn títí ayé àwọn ajá náà, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2002. Nínú àwọn tó ń jẹ mẹ́rin, ọdún 11 àti díẹ̀ ni ìdajì wọn ti kú. Nínú àwọn tó ń jẹ mẹ́ta, ó tó ọdún 13. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì tí ọmọ ìyá kan fi pẹ́ ju èkejì lọ nítorí ṣíbí kan péré, oríkèé ríro ò sì tètè mú àwọn tó jẹun mọ níwọ̀n. Ẹni tó bá ti sin ajá rí mọ ohun tí ọdún méjì jẹ́ nínú ayé rẹ̀.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti sanra jù? Ẹ má fojú wò ó, pàápàá bó bá jẹ́ Lhasa, nítorí irun ń tannijẹ. Ẹ fọwọ́ bà á. Ẹ kọ́kọ́ na ọwọ́ òsì yín sílẹ̀, kí ẹ̀yìn ọwọ́ kọjú sókè, kí ẹ fi ìka ọwọ́ ọ̀tún wọ́ orí àwọn egungun tó wà nídìí ìka. Ẹ ń mọ egungun lábẹ́ awọ tín-ín-rín. Bó ṣe yẹ kí ìhà ajá rí lọ́wọ́ yín nìyẹn. Ẹ wá di ọwọ́ yín ní ẹ̀ṣẹ́, kí ẹ tún wọ́ orí egungun yẹn. Bí ìhà rẹ̀ bá gún yín lọ́wọ́ báyìí, ó ti rù jù. Níkẹyìn, ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, kí ẹ tẹ ìdí ìka láti inú. Ẹran nìkan lẹ ń bá pàdé; ó dìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa kí ẹ tó kan egungun. Bí ìhà ajá yín bá rí báyẹn, ọ̀rá ti bò ó. Lẹ́yìn èyí, ẹ dìde kí ẹ wò ó láti òkè: ó yẹ kí ìbàdí fún wọlé lẹ́yìn ìhà. Bó bá gún gbọrọ láti èjìká dé ìdí, tàbí tó tilẹ̀ wú síta, ẹ ti rí ìdáhùn.

Àwọn dókítà ẹran máa ń fi nọ́ńbà 1 sí 9 ṣe ìwọ̀n yìí. 4 tàbí 5 ló dára. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tó bá lé lórí 5, ó túmọ̀ sí pé ajá fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, nígbà mìíràn ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ara àgbà ni. Kò sóhun tá a lè ṣe sí i."

Òótọ́ díẹ̀ ló wà níbẹ̀, irọ́ ló pọ̀ jù.

Ajá ńlá bíi Boerboel tàbí Alsatian ti ń wọ ipò àgbà bó bá ti tó ọdún 7. Lhasa àti àwọn kéékèèké mìíràn lè tó ọdún 10 tàbí 11 kí tiwọn tó dé. Bí ajá bá ti dàgbà, ara rẹ̀ kì í ná okun tó bíi ti tẹ́lẹ̀. Kì í sáré mọ́, iṣan ara rẹ̀ ń jò, oorun rẹ̀ ń gùn sí i. Bó bá wá jẹ́ pé abọ́ tó ń jẹ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta náà là ń gbé fún un, ibo ni àjẹkù okun yẹn máa lọ? Ọ̀rá ló máa dà.

Ìyípo tó burú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Oríkèé ń ro ó, kò fẹ́ rìn. Kò rìn, ó sanra. Ó sanra, ẹrù orí oríkèé pọ̀ sí i. Àwa tí à ń wò ó á ní ọjọ́ orí ni. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tó jáde ní 2010 lórí àwọn ajá tó sanra jù tí oríkèé sì ń dà láàmú fi hàn pé nígbà tí wọ́n fi bí 6 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù nínú ìwọ̀n wọn, títiro wọn ti ń dín kù ní ọ̀nà tó hàn gbangba. Fún ajá kílò 24, kílò kan àti ààbọ̀ péré nìyẹn. Kò tíì dé ibi tó yẹ kó dé rárá, ara sì ti ń tù ú. Ohun tó mú kí n má lè gbọ́ "ara àgbà ni" kí n dákẹ́ nìyẹn.

"Àìsàn ló ń ṣe é, kì í ṣe oúnjẹ."

Ó lè jẹ́ òótọ́, ìdí nìyẹn tí dókítà fi gbọ́dọ̀ rí i ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó dín oúnjẹ àgbàlagbà ajá kù.

Bí ẹṣẹ́ tàírọ́ìdì tó wà lọ́rùn kò bá ṣiṣẹ́ tó, ajá lè máa sanra láìjẹun púpọ̀. Á máa tòògbé, òtútù á máa tètè mú un, irun á máa já, ìrù á sì lè pá. Àìsàn mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní Cushing: ajá á máa mu omi ṣáá, á máa tọ̀ ṣáá, á máa mí hẹlẹ, ikùn á sì rọ̀ sílẹ̀. Bí ikùn bá tóbi ṣùgbọ́n tí ẹ̀yìn àti ìhà jẹ́ egungun lásán, ẹ má pè é ní ọ̀rá. Omi lè ti kún inú rẹ̀ látàrí àìsàn ọkàn tàbí ti ẹ̀dọ̀, tàbí látàrí aràn ọkàn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, ẹ̀fọn sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní agbègbè Ṣómólú yìí. Abo ajá tí a kò yọ ilé ọmọ rẹ̀, tí ikùn rẹ̀ ń wú ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tó wá akọ, tí kò jẹun, tó ń mu omi: ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ọyún lè ti kún ilé ọmọ, èyí sì ń pa ajá.

Ilé ìwòsàn egungun ńlá tó wà nítòsí wa n'Ígbóbì, ènìyàn nìkan ló wà fún. Ajá gbọ́dọ̀ ní dókítà tirẹ̀: ẹni tó kàwé gboyè nípa ìtọ́jú ẹran, irú èyí tí Yunifásítì Ìbàdàn tàbí FUNAAB l'Ábẹ́òkúta ń kọ́ ènìyàn, tí orúkọ rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria. Ẹni tó ń gbé báàgì kiri tó ń gún ajá lábẹ́rẹ́ lẹ́nu géètì lè má jẹ́ dókítà. Ẹ má tijú láti bi í.

"Díẹ̀ lajá mi ń jẹ."

Ẹni tó ń sọ ọ́ kò parọ́, òun ni kò rí gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wọ àgbàlá kan l'Ónípanu, irú èyí tí ẹbí mẹ́fà ń gbé, tí yàrá kọjú sí yàrá. Ajá kan ló wà níbẹ̀, ajá ìyá onílé ni, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló ni ín. Láàárọ̀, Màmá á fún un ní èbà tó ṣẹ́kù láná pẹ̀lú ọbẹ̀. Ìyàwó tó wà ní yàrá kẹta á da ìrẹsì tí ọmọ kò jẹ tán sínú abọ́ rẹ̀, ó ṣáà dára ju kó dà á nù lọ. Àwọn ọmọ á ti ilé ẹ̀kọ́ dé pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́. Bùrọ̀dá tó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé á ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, á jókòó síwájú ilé, á máa jẹ ẹ̀pà, á máa jù ú sí i ní méjì-méjì. Ẹ bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn kan náà lẹ máa gbọ́: "Díẹ̀ ni mo fún un." Òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká wá rò ó pọ̀. Ajá tó yẹ kó jẹ́ kílò 20, tó ti di kílò 24, nǹkan bí 660 kálórì lóòjọ́ ni dókítà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí bó bá fẹ́ kó fọn. Gààrí gbígbẹ 100 gíráàmù tí a fi te èbà ti tó 350. Ìrẹsì sísè ife kan, 200. Epo tó wà nínú ọbẹ̀, bó bá jẹ́ ṣíbí ìjẹun méjì péré, 240, nítorí pé kò sí ohun tó gbé okun tó epo nínú gbogbo oúnjẹ wa. Ègé búrẹ́dì Àgége kan tó nípọn, ó lé ní 100. Ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan, 170. Ó ti lé ní 1,000 kálórì, a ò sì tíì dárúkọ ẹran kankan. Fún Lhasa tó yẹ kó jẹ́ kílò 7 tó sì gbọ́dọ̀ fọn, nǹkan bí 300 lóòjọ́ ni. Ègé búrẹ́dì kan ti kó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ajá. Bébà kò wọ́n wa ní Ṣómólú, àdúgbò ilé ìtẹ̀wé: ẹ lẹ ọ̀kan mọ́ ẹnu ọ̀nà ibi ìdáná, kí ẹ so bírò mọ́ ọn, kí gbogbo ẹni tó bá fún ajá ní ohunkóhun kọ ọ́ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kékeré ni o, ńlá ni o. Kí ẹnikẹ́ni má yí ọwọ́ padà lọ́sẹ̀ yẹn. Kìkì ká rí i ni.

Ibi tó le ni bí a ṣe máa bá àgbà sọ ọ́. Ayálégbé tó kéré kò lè kò ó lójú pé, "Màmá, oúnjẹ yín ló ń pa ajá." Yóò dà bí àfojúdi, ajá á sì jẹ èbà rẹ̀ lọ. Ẹ gba ọ̀nà ìrora ajá wọlé. "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Mo rí i pé ajá wa ò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, ó sì ń ṣe mí láàánú. Dókítà ní bí a bá jọ mójú tó oúnjẹ rẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn á fúyẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ bá wa sọ fún àwọn ará ilé, tiyín ni wọ́n máa gbọ́." Bí ìyá onílé bá gbà, tó sì pàṣẹ pé ọwọ́ òun nìkan ni oúnjẹ gbọ́dọ̀ ti máa jáde, ìṣòro ti tán dé ìdajì. Bí ọmọdé bá fẹ́ fún un ní nǹkan dandan, kí wọ́n fi kárọ́ọ̀tì tútù tàbí kùkúmbà tí a gé wẹ́wẹ́ sínú ike kan fún un láti bù. Gbogbo ìpápánu òòjọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ rẹ̀ lọ.

"Bó bá ń wo ẹnu mi, ebi ló ń pa á."

Irọ́. Àṣà ni, nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ sì ni. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cambridge kéde pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn Labrador ló ní àbùkù kan nínú ogún ìbí wọn, lára ohun tí wọ́n ń pè ní POMC, tí kì í jẹ́ kí ọpọlọ gbọ́ pé inú ti yó. Irú ajá bẹ́ẹ̀ lè jẹun tán nísinsìnyí kó tún máa fi ojú bẹ̀bẹ̀. Ajá yòókù kò nílò àbùkù kankan. Ó ti kọ́ láti ọdún pípẹ́ pé bí òun bá gbé orí lé itan yín, tí òun wo ẹnu yín láìṣẹ́jú, nǹkan á jábọ́. Bí ẹ bá dáwọ́ dúró, á kọ́kọ́ bẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń juwọ́ sílẹ̀. Ẹ fara dà á, kí ẹ gbé e lọ sẹ́yìn ilé nígbà tí ẹ bá fẹ́ jẹun.

"Èbà àti ìrẹsì kò yẹ ajá. Ẹran nìkan ni kó máa jẹ."

Irọ́. Ajá ti bá ènìyàn gbé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ikùn rẹ̀ fi kọ́ oúnjẹ wa. Ìwádìí tó jáde ní 2013 fi hàn pé ajá ní ẹ̀dà púpọ̀ ju ìkookò lọ nínú ohun tó ń jẹ́ kí ara lè lo ìrẹsì, iṣu, àgbàdo àti irú wọn. Ohun tó ṣe é níbi ni pé wọ́n pọ̀ jù nínú abọ́, tí èròjà amúaradàgbà sì kéré jù. Èyí burú fún àgbàlagbà ajá, nítorí iṣan ara tó ń jò lọ nílò èròjà yẹn ju ti ìgbà èwe lọ. Bí a bá kàn dín gbogbo rẹ̀ kù lápapọ̀, iṣan náà á máa bá ọ̀rá lọ.

Ẹ dín èbà àti ìrẹsì kù, ẹ yọ epo kúrò pátápátá, kí ẹ fi ohun tó ń mú iṣan lágbára kún un. Lọ́jà wa, fùkù ló dára jù nínú èyí tí owó rẹ̀ ò ga. Ọ̀rá inú rẹ̀ kéré, èròjà amúaradàgbà rẹ̀ pọ̀, alápatà sì mọ̀ ọ́n dáadáa gẹ́gẹ́ bí ẹran ajá. Ẹ sè é jinná. Ẹyin sísè dára, ẹja ṣáwá tí a bọ̀ tí a sì yọ egungun rẹ̀ dára, àyà adìẹ tí a bó awọ rẹ̀ dára. Pọ̀nmọ́ kò tó. Awọ ni, ó lè kún ikùn, àmọ́ kò ní gbogbo ohun tí iṣan nílò. Kí abọ́ má bàa dà bí èyí tó ṣófo, ẹ fi ẹ̀fọ́ bíbọ̀ tàbí elégédé kún un.

Ohun méjì tí kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀: egungun adìẹ sísè, nítorí ó máa ń fọ́ ṣóńṣó-ṣóńṣó, á sì gún ìfun, àti àlùbọ́sà, nítorí ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ọbẹ̀ ilé wa wo ni kò ní àlùbọ́sà? Ìdí tó tó nìyẹn láti yọ ọbẹ̀ kúrò nínú abọ́ ajá, bí kò bá tilẹ̀ sanra rárá. Bí ẹnì kan bá ní agbára láti ra oúnjẹ ajá inú àpò, kò burú, ṣùgbọ́n kó wọ̀n ọ́n fún ìwọ̀n tó yẹ kí ajá dé, kì í ṣe ìwọ̀n tó wà báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ máa sè é nílé pẹ́, kó jẹ́ kí dókítà sọ èròjà tó yẹ kó fi kún un, pàápàá kálísíọ́mù. Agolo mílíìkì kan tó mọ́ tó láti fi ṣe òṣùwọ̀n, bó bá ṣáà ti jẹ́ agolo kan náà lójoojúmọ́.

"Ẹ má fún un lóúnjẹ fún ọjọ́ mélòó kan, á fọn."

Irọ́, ìyà lásán sì ni. Ara tí ebi pa á máa jẹ iṣan rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá, àgbàlagbà kò sì ní iṣan tó lè ṣòfò. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìwọ̀n tó dára ni pé kí ajá máa fi nǹkan bí 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lọ́sẹ̀. Fún ajá kílò 24 yẹn, bíi 240 sí 480 gíráàmù lọ́sẹ̀ nìyẹn. Kó tó padà sí kílò 20, ó lè gba oṣù méjì sí mẹ́rin. Ẹ wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Èyí tó ṣeé gbé, ẹ gbé e dání lórí òṣùwọ̀n ilé, kí ẹ yọ ìwọ̀n ti ara yín kúrò. Boerboel kò ṣeé gbé, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra àjákù bébà ní ilé ìtẹ̀wé ní òṣùwọ̀n tó lè gbà á, ẹ bẹ̀ wọ́n.

Tíì tó ń mú ènìyàn fọn ńkọ́? Ẹ má dán an wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ewé sẹ́nà, tí yóò mú ajá yàgbẹ́ gbuuru títí omi ara rẹ̀ fi gbẹ. Òmíràn ní káfíínì, tó jẹ́ májèlé fún un. Oògùn tí wọ́n ṣe fún ajá gan-an láti fi fọn, Slentrol, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2007, kò sí lọ́jà mọ́.

"Kó máa sáré láàárọ̀, ọ̀rá á yọ́."

Ìdajì òótọ́. Ìrìn dára fún ọkàn rẹ̀, fún oríkèé àti iṣan rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìn nìkan kò lè borí abọ́ tó kún. Eré sísá kò sì yẹ ajá tó sanra tó sì dàgbà. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, mímí hẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀, ọ̀rá sì dà bí ẹ̀wù òtútù tí kò lè bọ́. Ooru Èkó lè dá a wólẹ̀.

Ẹ mú un jáde kí oòrùn tó yọ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá lálẹ́, ní àdúgbò inú, kì í ṣe etí títì Ìkòròdú tí BRT àti dánfó ń gbà. Ẹ fi okùn sí i lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kó rìn bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ, kó máa gbóòórùn bó ṣe fẹ́. Bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó jáde, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé ọ̀dà títì, kí ẹ ka ení dé eéje. Bí ẹ ò bá lè fara dà á, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ náà kò lè fara dà á. Bí ó bá jókòó láàárín ọ̀nà, ẹ má fà á. Ẹ dúró, ẹ fún un lómi, kí ẹ yí padà. Bó bá ti ń fúyẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló máa fa okùn.

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, ẹ fún un ní Panadol."

Irọ́ tó lè pa á ni. Parasítámọ́ọ̀lù máa ń ba ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ibuprofen àti diclofenac lè gbẹ́ egbò sí ikùn rẹ̀, wọ́n sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Dókítà ẹran ní oògùn tó yẹ ajá, ìwọ̀n ara rẹ̀ ló sì fi máa ṣírò rẹ̀. Ẹ má ra oògùn fún un ní kẹ́místì.

"Títẹ̀ tí a tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá ló sọ ọ́ di ọlọ́ràá."

Òótọ́ wà níbẹ̀. Akọ tí a tẹ̀ lọ́dàá àti abo tí a yọ ilé ọmọ rẹ̀, okun tí ara wọn nílò ń dín kù, ó lè tó ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹni tó bá dín abọ́ kù lọ́sẹ̀ tí iṣẹ́ abẹ náà wáyé lè má rí ìyàtọ̀ kankan lára ajá rẹ̀.

"Bó bá ti fọn, ó ti parí, ẹ máa bọ́ ọ bíi ti tẹ́lẹ̀."

Irọ́, ibí sì ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù ti máa ń bàjẹ́. Ajá kílò 20 kò nílò okun tí ajá kílò 24 ń ná. Bó bá padà sórí abọ́ àtijọ́, gbogbo rẹ̀ á padà. Nígbà tó bá dé ìwọ̀n tó yẹ, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún oúnjẹ rẹ̀, kí ẹ dúró ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Bó bá ṣì ń dín kù, ẹ tún fi díẹ̀ kún un. Bí ìwọ̀n bá dúró sójú kan, iye tí yóò máa jẹ nìyẹn. Agolo yẹn kò kúrò nínú àpò oúnjẹ, ìwọ̀n kò sì tún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóṣù. Bí ọdún bá dé, tí gbogbo àgbàlá ń pín ẹran, kí ẹni tó fẹ́ fún un lẹ́ran yọ ọ̀rá àti awọ rẹ̀ kúrò, kí ó sì yọ ọ́ nínú oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n tí kílò kan ti gorí rẹ̀, ẹ dín in kù lọ́sẹ̀ yẹn, kó tó di mẹ́rin.